Fọ́tò Tí Mọ́ṣúdù Ò Yà

Ọjọ́ tí Mọ́ṣúdù gbé fóònù tuntun wọlé, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló dúró sí, ó ń retí kí wọ́n kí òun káàbọ̀ bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé. Ká má purọ́, fóònù náà dára. Ojú kámẹ́rà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, iwájú rẹ̀ ń dán gbinrin, kò sì sí síìmù tí èèyàn lè kì bọ̀ ọ́ tí kò ní gbà. Tòkunbọ̀ ni. Akóredé tó tà á fún un ní Ìkòtún sọ pé Lọ́ńdọ̀n ló ti wá.

"Ìyá Hamdalah, wá wò ó! Wá wo fóònù!"

Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ń rán híjáàbù lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wọn ní Ìgàndó. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, torí ó mọ ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ wíńdò alumíníọ̀mù ni Mọ́ṣúdù ń ṣe. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹnu rẹ̀ ni kò níwọ̀n. Kò lè rí wíńdò olówíńdò kó má sọ̀rọ̀ sí i. Bí wọ́n bá lọ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí wọ́n tó jókòó dáadáa, á ti máa yọjú wo férémù. Ìgbà kan wà tó sọ fún Lèmọ́mù pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ mọ́sáláṣí kéré, pé wíńdò ló fà á, bẹ́ẹ̀ àárín wáàsí ni o.

Ó ní torí iṣẹ́ lòun ṣe ra fóònù yìí. Kámẹ́rà á máa ya àwọn wíńdò tó bá ti ṣe tán, kí àwọn oníbàárà lè rí i. Máàpù á máa mú un dé àwọn àdúgbò tuntun tí òpópónà wọn ò tíì lórúkọ. Tó bá sì di alẹ́, tọmọ-tòbí á jọ máa wo fíìmù nínú rẹ̀. Ràbíátù gba fóònù náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, inú òun náà dùn díẹ̀.

Ohun tí Mọ́ṣúdù ò tètè sọ fún un ni ọ̀rọ̀ tí Akóredé bá a sọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa sọ fún yín," ni Akóredé wí. "Ẹ má rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀ o. Orúkọ tó wà nínú ẹ̀ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá fi lè yọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti lọ́ọ̀kì nìyẹn, kò sí ẹ̀njiníà tó máa rí i ṣí fún yín ní gbogbo Ìkòtún. Ẹ ṣá máa lò ó bẹ́ẹ̀."

Mọ́ṣúdù ò bi í ní ìbéèrè kankan. Kí ló fẹ́ bi í? Àìmọye èèyàn ló ń fi orúkọ ẹlòmíràn lo fóònù ní àdúgbò wa, tí ayé wọn sì ń lọ déédéé. Ńṣe ló gbé kámẹ́rà sókè níbẹ̀ láti dán an wò, ó kọ ojú rẹ̀ sí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn tán, ó sì tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà mọ́ bí omi. Ó gbé fóònù sápò.

Ràbíátù ló kọ́kọ́ rí orúkọ náà, níbi tí ímeèlì wà.

"Dádì Hamdalah, ta ni Fàtíà?"

"Ẹni tó ń lo fóònù yẹn tẹ́lẹ̀ ni."

"Ní Lọ́ńdọ̀n?"

"Ṣé kò sí Fàtíà ní Lọ́ńdọ̀n ni? Ẹ gbà mí o, ìyàwó mi ti ń jowú fóònù!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Hamdalah náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ọmọ náà nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ó pẹ́ kí Ọlọ́run tó fi ta wọ́n lọ́rẹ, Ràbíátù sì ti sunkún gidi kó tó rí i, èyí ló fà á tí kì í jẹ́ kó rìn jìnnà sí òun. Wòlímọ̀ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, torí ó ti ń parí Kùránì ní ilé kéwú, Mọ́ṣúdù sì sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa yà á ní fọ́tò. Ó yà á nínú yunifọ́ọ̀mù. Ó yà á ní iwájú ilé kéwú, tòun ti pátákó ibẹ̀. Ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó tún yà á níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì. Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bojú bó bá ti rí i.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Mọ́ṣúdù lọ wọn wíńdò ní Ìjẹ̀gùn. Nígbà tó fẹ́ máa bọ̀, ọ̀nà tó mọ̀ ti kún fún omi, ló bá gbé máàpù jáde. Ó rí ibi tí wọ́n kọ ilé sí, ó tẹ̀ ẹ́. Obìnrin inú máàpù bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì, òun náà sì ń tẹ̀ lé e lórí ọ̀kadà rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ nígbà tó délé, ẹ̀rín ló ń pa á.

"Ìyá Hamdalah, ṣé o mọ ibi tó gbé mi lọ? Egan! Iwájú géètì aláwọ̀ ewé kan. Ó ní mo ti dé ilé. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ ibòji níbẹ̀, ló ń wò mí."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kí wọn ni. Ẹ wá wo wíńdò ilé yẹn! Lúfà ayé ìgbà kan ni, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ dànù. Ni mo bá sọ fún bàbá pé iṣẹ́ mi nìyí, mo sì fi fọ́tò iṣẹ́ hàn wọ́n. Àfi bí wọ́n ṣe di fóònù mú tí wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àgbà ṣá. Wọ́n ní ta ló ni fóònù yìí, mo ní èmi ni. Wọ́n ní ṣé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ní háà, ó ti pẹ́ gan-an, pé òun ni mo fi ń ya iṣẹ́ mi látọjọ́ yìí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á!"

"Ṣé kí n wá sọ fún oníbàárà pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni? Á rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n bi mí níbi tí mò ń gbé, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gba nọ́ńbà mi. Mo sọ fún ẹ, bàbá yẹn máa pè."

Ràbíátù ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Fóònù tó ti Lọ́ńdọ̀n wá ló ń pe Egan ní ilé?"

Mọ́ṣúdù wò ó, ó wo fóònù, ó sì ní kó bu ọbẹ̀ sí i fún òun jàre.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara Ràbíátù ò ti balẹ̀ mọ́, kò kàn rí ohun tó lè tọ́ka sí ni. Ọ̀sẹ̀ tí wòlímọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ló tó rí i. Mọ́ṣúdù ń ṣiṣẹ́ ní Àkẹ̀sán lọ́jọ́ náà. Fóònù kékeré rẹ̀ oní-tọ́ọ̀ṣì ló mú dání, ó fi ńlá sílẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè mú fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ bánà wòlímọ̀. Hamdalah ti lọ sí ilé kéwú. Ràbíátù jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ń yí fọ́tò lọ sókè sódò, ó ń rẹ́rìn-ín sí ojú ọmọ rẹ̀.

Ló bá rí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Òdì kejì títì ni wọ́n ti yà á. Òun gan-an ló wà nínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn síta, ó tẹrí ba sídìí máṣíìnì. Kò sí ìgbà kan tí Mọ́ṣúdù ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni géètì ilé wọn. Lẹ́yìn náà ni Mọ́ṣúdù fúnra rẹ̀, tó gun ọ̀kadà, tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́, tó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló ń ya ẹni tó ni kámẹ́rà? Ràbíátù tún fi ìka tì í. Hamdalah ló rí, nínú yunifọ́ọ̀mù, tó gbé ike omi rẹ̀ kọ́rùn, tó ń dá nìkan rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ni. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ọmọ náà ni, ẹni tó ń yà á sì ti sún mọ́ ọn débi pé ìlẹ̀kẹ̀ ara híjáàbù rẹ̀ ń hàn.

Ràbíátù dìde. Ó wo òdì kejì títì. Ọkùnrin tó ń ta ike àti abọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń sùn.

Ó pe Akóredé. Nọ́ńbà náà ò lọ. Ó pe Zikrullah àbúrò rẹ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

"Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀," ni Zikrullah wí. "Orúkọ ta ló wà nínú fóònù yẹn? Ẹ ò yọ ọ́? Ah! Àǹtí, ẹ gbọ́. Tí ẹlòmíì bá ń lo orúkọ yẹn nínú fóònù tiẹ̀, gbogbo fọ́tò tó bá yà ló máa wọ inú tiyín. Tiyín náà máa wọ tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá. Ó sì lè mọ ibi tí fóònù yẹn wà lórí máàpù."

"Ta wá ni ẹlòmíì yẹn?"

"Èmi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ará ilé ẹni tó ni í. Ẹ mọ̀ pé tí àwọn ọmọ bá ń ṣí fóònù fún àwọn òbí wọn, orúkọ tiwọn ni wọ́n máa ń fi sí i. Àǹtí, ẹ yọ ọ́ kíákíá. Kó lọ́ọ̀kì tó bá fẹ́ lọ́ọ̀kì!"

Kí Ràbíátù tó yọ nǹkan kan, ọkàn rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. Ó yí fọ́tò lọ sẹ́yìn, ó kọjá wíńdò, ó kọjá wíńdò mìíràn, títí ó fi kọjá ọjọ́ tí wọ́n ra fóònù. Ìgbà náà ló rí Fàtíà. Ọmọ arẹwà kan ni, ó fi awò sójú, híjáàbù rẹ̀ funfun. Ó wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ó tún dúró níwájú géètì aláwọ̀ ewé kan, ó fọwọ́ kọ́ ọrùn bàbá àgbàlagbà kan, bàbá náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Fọ́tò tó yà kẹ́yìn ò hàn dáadáa. Ó dà bí ẹni pé abẹ́ híjáàbù ló ti yà á. Inú mọ́tò ni, ọjọ́ ti ń rọ̀, ẹ̀yìn orí ọkùnrin kan tó dé fìlà ló wà níbẹ̀, tó ń wakọ̀, igbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù gbáko-gbáko ti kọjá kí fọ́tò kankan tó tún wọlé. Èyí tó wá tẹ̀ lé e gan-an ni ojú Mọ́ṣúdù, tó sún mọ́ kámẹ́rà, tó ń rẹ́rìn-ín tẹyín-tẹyín.

Ràbíátù ń wò ó. Ohun tí bàbá Egan yẹn rí nínú fóònù tirẹ̀ nìyí. Ó ti ń dúró ní gbogbo oṣù yìí kí nǹkan kan jáde látọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù, ohun tó sì jáde ni ọkùnrin yìí, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yìí kan náà gun ọ̀kadà wá síwájú géètì rẹ̀, ó fi fóònù ọmọ náà dání, ó ní tòun ni, ó ní ó ti pẹ́ lọ́wọ́ òun, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pààrọ̀ wíńdò.

Ó pe ọkọ rẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ tó ń gé irin kún etí rẹ̀.

"Bàbá wo?" ni Mọ́ṣúdù ń pariwo. "Bàbá jẹ́jẹ́ yẹn? Ìyá Hamdalah, má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú fóònù yẹn o! Tó bá lọ́ọ̀kì, kí la máa fi ya wòlímọ̀? Jẹ́ kí n délé ná."

Inú bí Ràbíátù débi pé ó fẹ́ ju fóònù mọ́lẹ̀. Àmọ́ bí inú ṣe ń bí i, nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn: bí bàbá yẹn bá ń rí gbogbo ohun tí àwọn ń yà, ó lè rí ọ̀rọ̀ tí òun bá kọ. Ó fa bébà ńlá tó fi ń gé bátánì híjáàbù yọ, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: BÀBÁ, Ẹ JỌ̀Ọ́, ÌKÒTÚN LA TI RA FÓÒNÙ YÌÍ. A Ò MỌ ỌMỌ YÍN. Ó tẹ́ bébà náà sílẹ̀, ó yà á, ó sì jókòó tì í.

Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé. Hamdalah ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di búrẹ́dì mú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú nítorí búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Wíńdò lúfà tó ti fọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ràbíátù sáré jáde láìwọ bàtà. Ilé kéwú ò jìnnà. Áfáà tó ń kọ́ wọn ń fi ẹ̀rín kí i káàbọ̀.

"Ṣé bàbá ti mú Hamdalah délé?" ni Áfáà wí. "Àgbàlagbà tó wá mú un. A kọ́kọ́ fẹ́ ṣiyèméjì o, àmọ́ wọ́n ṣí fóònù wọn, wọ́n fi fọ́tò yín hàn wá. Ẹ̀yin, ọkọ yín, Hamdalah níbi tó ti ń jẹun nílé. Gbogbo yín ló kún inú ẹ̀. Hamdalah náà rí i, ó ní fọ́tò àwọn ni. Ẹni tí kì í bá ṣe ẹbí, níbo ló ti máa rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀?"

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ Ràbíátù. Fọ́tò mìíràn ni, bébà kan tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ̀wé sí: Máa bọ̀. Ìwọ nìkan. Mú fóònù náà dání.

Ó dá ọ̀kadà dúró. Kò mọ àdírẹ́sì, àmọ́ fóònù mọ̀ ọ́n. Ó tẹ ilé. Obìnrin inú máàpù sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ó ní ọ̀nà ò dí, wọn ò ní pẹ́ dé. Ràbíátù ń sọ fún ọlọ́kadà bó ṣe ń wí, yà sọ́tùn-ún, yà sósì.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì aláwọ̀ ewé. Alhaji Ṣóbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri. Jálámíà rẹ̀ mọ́, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ dáadáa.

"Wọlé, ìyàwó," ni ó wí. "Mo ti so ajá mọ́lẹ̀, má bẹ̀rù."

"Bàbá, ọmọ mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá Fàtíà nínú ilé. Mo ra búrẹ́dì fún un. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, orí ìkúnlẹ̀ ló ti kí mi. Fàtíà náà máa ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ràbíátù náà kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìkòtún, Akóredé, orúkọ tí wọ́n ní kí wọ́n má yọ. Bàbá náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan.

"Mo ti lọ sí Ìkòtún," ni ó wí. "Ọjọ́ tí fọ́tò ọkọ rẹ wọlé ni máàpù ti fi ibẹ̀ hàn mí. Ṣọ́ọ̀bù títì ni mo bá, wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ ti kó lọ. Mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn á pè mí. Mo wá jókòó síbí. Ọkọ rẹ sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Mo ní ta ló ni fóònù, ó ní òun ni. Mo ní ṣé ó ti pẹ́, ó ní ó ti pẹ́ gan-an. Èmi kọ́ ni mo fi sí i lẹ́nu."

"Irọ́ ló pa, Bàbá! Ó fẹ́ kí ẹ gbé iṣẹ́ wíńdò fún un ni!"

Alhaji Ṣóbọ̀wálé fọwọ́ ṣe fún un pé kó dìde.

"Ṣé irọ́ ló máa ń pa?"

Ràbíátù dìde. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn bàbá náà, nínú ọgbà. Àwọn ọkùnrin kan jókòó yíká lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ìbátan Fàtíà ni wọ́n máa jẹ́, torí imú wọn jọra. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àga oníke kan wà láàárín wọn, òfìfo, wọ́n dojú rẹ̀ kọ wọ́n. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Pè é," ni bàbá náà wí. "Kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Tó bá ti ń bọ̀, wàá mú ọmọ rẹ lọ. Mi ò ní í fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe nǹkan kan, mo fi Ọlọ́run búra."

"Tí kò bá mọ nǹkan kan ńkọ́?"

"Á sọ fún wa bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ dá Ràbíátù lẹ́bi, kó kọ́kọ́ dúró síbi tó dúró sí, kó sì máa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú ilé níbi tó ti ń ka súrà fún ìyá ẹlòmíràn. Èmi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ó fi fóònù Fàtíà pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kó lè dà bí ti gbogbo ọjọ́.

"Dádì Hamdalah, bàbá Egan ti gbà o. Wọ́n ní kó o wá wọn wíńdò báyìí."

"Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ!" ni Mọ́ṣúdù wí, inú rẹ̀ sì dùn dé gongo. "Ẹ wò ó, ojú ò ní tì mí láé! Mò ń bọ̀, àtibí sí ibẹ̀ kò tó nǹkan."

Bàbá náà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi etí jálámíà nu ojú fóònù náà, ó sì rọra gbé e sí àyà. Wọ́n mú Hamdalah jáde. Ọmọ náà rí ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Méjì nínú àwọn ọkùnrin náà gun ọ̀kadà kan, wọ́n ní àwọn á sìn wọ́n dé ojú títì, kí nǹkan kan má baà ṣe wọ́n lọ́nà. Ràbíátù mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wọn ò fẹ́ kó kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ń rìn lọ, ọ̀kadà náà sì ń rọra bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Wọn ò tíì dé ojú títì tí Mọ́ṣúdù fi yà wọlé. Téèpù ìwọ̀n rẹ̀ ń fì ní ìgbànú, eruku alumíníọ̀mù kún irun rẹ̀. Ó rí wọn, ó tẹ bíréèkì.

"Ah-ah! Ẹ̀yin náà wà níbí?"

"Dádì!" ni Hamdalah pariwo.

Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ọkùnrin méjì náà dúró lẹ́yìn wọn, ọ̀kan nínú wọn sì kí i pé ẹ káàbọ̀ sà. Òun náà kí wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó wá gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló ṣe ojú ẹ? Ṣé kò sí o?"

Gbogbo ohun tí Ràbíátù fẹ́ sọ ló wá sí i lẹ́nu, ó sì kún ibẹ̀. Ọwọ́ Hamdalah wà nínú ọwọ́ rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èérún búrẹ́dì ṣì wà lára rẹ̀.

"Oòrùn ni," ni ó wí. "Máa lọ. Wọ́n ń dúró dè ẹ́."

Mọ́ṣúdù fi ẹsẹ̀ ta ọ̀kadà rẹ̀, ó jù wọ́n lọ́wọ́, ó sì lọ. Àwọn ọkùnrin méjì náà yí padà, wọ́n tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì," ni Hamdalah wí, "ẹ ń rún mi lọ́wọ́."

Ràbíátù ò dẹ ọwọ́ náà. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ti géètì, ó sì ń rìn lọ.